Àkọsílẹ̀ kéékèèké lórí ẹja tí a kì í kà sí

Ní Ọjà Ọba Ìkàrẹ́ Àkókó, ẹja ní ipò. Ẹja kíkà tí wọ́n yan ní etí odò Ọya, tí ọkọ̀ gbé gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà wá, òun ni olórí àtẹ. Nínú òkú Èkó, ìyẹn ẹja inú yìnyín, títùs ló ṣíwájú, kótè tẹ̀ lé e, ṣáwà ló kẹ́yìn. Obìnrin kan béèrè iye kílò títùs. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn ṣáwà kílò kan. Náílọ́ọ̀nù dúdú ni kí ẹ fi dì í o.” Ìyá ẹlẹ́ja rẹ́rìn-ín: “Ọmọ mi, ta ni ò ń fi pamọ́ fún?”

Ohun tó wà nínú náílọ́ọ̀nù dúdú náà kò yẹ ní ìtìjú. Ìbátan sàdíìnì inú agolo ni ṣáwà. Ó ní ọ̀rá omega-3 tó dára fún ọkàn àgbà àti ọpọlọ ọmọdé, ó sì ní fítámì D àti B12. Epìyà sísun tí a fi ń ṣe àlejò níbi ìgbafẹ́ kò ní omega-3 tó bẹ́ẹ̀.

*

Ní Ọ̀kà Àkókó, mo jókòó ti ìyá àgbà kan tó ń ṣa yọ́yọ́, ẹja gbígbẹ kéékèèké. Kò já orí, kò já ìrù. Ó da ẹja náà sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fi ọwọ́ rú u, ó dúró díẹ̀ kí yanrìn lè rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ó wá bu ẹja lókè láìda omi. Ó tún un ṣe títí yanrìn fi tán. Ó yan án nínú agbada tí kò sí epo, ó gún un kúnná, ó kù ú. Ó ní ògì ọmọ ọmọ òun ni òun fẹ́ bù ú sí.

Eegun ni ọrọ̀ yọ́yọ́. Ẹni tó jẹ títùs ń tu eegun sílẹ̀ fún ológbò. Ẹni tó jẹ yọ́yọ́ ń gbé kálíṣíọ̀mù mì pẹ̀lú ẹran ẹja, èròjà irin àti síńkì sì ń bá a wọlé. Ojú àti ẹ̀dọ̀ ẹja kéékèèké a máa ní fítámì A, àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ ni oòrùn ń jẹ nígbà tí wọ́n bá ń sá a. Epo pupa àti ẹ̀fọ́ ni kí ìyá ọmọ fi dí àlàfo yẹn.

*

Gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní Àkókó láyé àtijọ́. Àìtó ayódìn ló sábà máa ń fa gẹ̀gẹ̀. Lórí òkè bíi ti Àkókó, òjò ti ń wẹ ayódìn kúrò nínú ilẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, iṣu àti ẹ̀fọ́ tó hù níbẹ̀ kò sì lè fúnni ní ohun tí ilẹ̀ kò ní. Inú òkun ni ayódìn pọ̀ sí, ẹja òkun sì ń gbé e wá. Ẹja odò kì í ní tó ti òkun.

Láti 1993 ni ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ètò fífi ayódìn sí iyọ̀, iyọ̀ yẹn ló sì gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ṣe lónìí. Àgbàlagbà nílò máíkúrógíráàmù 150 lóòjọ́. Síbẹ̀, ohun tó yẹ kí ará òkè rántí lójú àtẹ ni pé ṣáwà tí wọ́n ń pè ní ẹja tálákà, láti inú òkun ló ti wá. Ẹja olówó ńlá láti odò Ọya kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa bíi tirẹ̀.

*

Gbogbo ènìyàn ló ń sá fún òjìjí. Kò burú, nítorí iná tó ń jáde lára rẹ̀ lè tó fólítì 350. Ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ awọ rẹ̀ ló ń mú iná náà wá. Ṣùgbọ́n tó bá ti kú, tí wọ́n sè é jinná, ẹja lásán ni. Apẹja ló yẹ kó bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tó fi ọwọ́ sí àwo iyán kò ní ìṣòro kankan.

Ẹja mìíràn wà létí òkun tó máa ń fẹ́ ikùn bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fà á jáde. Ìbẹ̀rù tiẹ̀ tọ́. Ẹ̀dọ̀, ẹyin àti awọ rẹ̀ lè ní oró tetrodotoxin, tí iná ìdáná kò lè pa, tí kò sì ní oògùn tó lè yọ ọ́ kúrò lára. Ẹja àjèjì tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, kí a kọ́kọ́ bi apẹja Ìlàjẹ léèrè kó tó dé ìkòkò.

*

Àwọn kan wà ní ìjọ Àdífẹ́ńtì tí wọn kì í jẹ ẹja tí kò ní ìpẹ́, nítorí ohun tí Léfítíkù orí 11 sọ. Àrọ̀ kò kàn wọ́n. Ẹ̀sìn ni, mi ò ní bá wọn jà. Àmọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ pé ẹja aláìní ìpẹ́ “kò ní èròjà”, mo mọ̀ pé ìyẹn ti kúrò nínú Bíbélì. Ìpẹ́ kò sọ nǹkan kan nípa purotéènì tó wà lábẹ́ rẹ̀.

*

Bí iná mànàmáná bá lọ pẹ́, kóòdùrúùmù di ilé ooru. Nínú ẹran títùs, ṣáwà àti kótè ni èròjà kan wà tí kòkòrò àìfojúrí ń sọ di histamine bí ẹja bá gbóná. Tó bá ti di bẹ́ẹ̀, dídì kò lè lé e, sísè kò lè lé e, yíyan kò lè lé e. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí bíi wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, ojú á pọ́n, orí á fọ́, ara á máa yún, ẹnu á máa ta. Ẹni náà á ní ẹja kò bá òun lára mu. Òmíràn á ní ayé ló ṣe òun.

Ìyá ẹlẹ́ja kan fi bí a ṣe ń mọ páálí tó ti yọ́ rí hàn mí. Ó tẹ páálí náà, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́. Yìnyín pupa dì jọ sí igun kan nísàlẹ̀. “Ẹ wò ó, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn lọ síbẹ̀ kó tó dì. Wọ́n tún un dì ni.” Ó gbé e tì.

*

Ẹja yíyan tó dúdú kirimú kì í ṣe ẹja tó yan dáadáa. Bí ọ̀rá àrọ̀ tàbí ṣáwà bá ń kán sórí ẹyin iná, èéfín rẹ̀ a máa gbé àwọn èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ padà sára ẹja. Rọ́bà àti táyà tí àwọn kan fi ń dá iná tún ń bà á jẹ́ sí i. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kí benzo(a)pyrene ju máíkúrógíráàmù 2 lọ nínú kílò ẹja yíyan kan. Ní Thiaroye, ní Sẹ̀nẹ̀gà, FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, kópa nínú ṣíṣe ààrò kan tó ní àwo tó ń gba ọ̀rá kí ó má kán sínú iná. Nílé, ẹ bó awọ dúdú náà sọ nù, torí ara rẹ̀ ni púpọ̀ nínú èéfín lẹ̀ mọ́.

*

Kòkòrò ń jẹ ẹja gbígbẹ, oníṣòwò kì í sì fẹ́ pàdánù. Àwọn kan a máa fín oògùn kòkòrò sí i, irú oògùn tí wọ́n fi ń pa aáyán. Oògùn yìí kò yẹ kó fara kan oúnjẹ. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré dichlorvos, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Sniper. Oníṣòwò tó mọṣẹ́ kì í fín nǹkan kan. Á máa dá ẹja rẹ̀ padà sórí ààrò lóòrèkóòrè, á sì máa bò ó nínú apẹ̀rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀.

*

Ẹja ńlá ló ń jẹ ẹja kékeré, gbogbo mẹ́kúrì tí ẹja kékeré kó jọ a sì di tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí FDA ti Amẹ́ríkà fi ní kí aboyún yẹra fún àkùrákùdà, tí ó sì fi sàdíìnì, epìyà àti àrọ̀ sínú èyí tó dára jù. Aboyún tó bá béèrè ẹja tí òun yóò jẹ ní Ìkàrẹ́, kó lọ sídìí àtẹ ṣáwà, kó wo ojú ẹja bóyá ó ṣì ń dán, kó ṣí ẹ̀yà mímí rẹ̀ wò bóyá ó ṣì pọ́n, kó tó sanwó.