Ìdánwò Tí Kò Lè Féèlì

Bí olùkọ́ bá ṣe ìdánwò, tí ẹni tó kàwé gba ọgọ́rùn-ún, tí ẹni tí kò ṣí ìwé rárá náà gba ọgọ́rùn-ún, kí ni ìdánwò yẹn sọ fún olùkọ́? Kò sọ nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lórí ògiri wa lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe WAEC ni mo ní lọ́kàn. Ìdánwò tí à ń ṣe fún ètò kọ̀ǹpútà ni.

Màmá mi ń gba àjọ nínú ọjà. Ojoojúmọ́ ló ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ẹlòmíràn á dá ₦200, ẹlòmíràn á dá ₦500. Bí oṣù bá parí, á kó owó oníkálukú fún un, á sì yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀. Inú ìwé kan tí etí rẹ̀ ti ń já ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ọjọ́ kan bá fò níbẹ̀, owó olówó ló lọ yẹn, orúkọ màmá mi ló sì máa bàjẹ́ nínú ọjà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ètò kan ní Python sórí lápútọ́ọ̀pù àtijọ́ tó wà nílé wa. Màmá mi á máa fi fóònù ránṣẹ́ sí i, Àǹtí tó ń bá wọn gba àjọ á máa ránṣẹ́, ètò náà á sì máa kọ ọ́ sínú fáìlì.

Nítorí pé àwọn méjèèjì lè ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, asyncio ni mo lò, èyí tó ti wà nínú Python láti ọdún 2014. Ẹ wo ìyá olóúnjẹ tó dá wà ní búkà rẹ̀. Bó bá gbé omi àmàlà kaná, kì í dúró máa wo ìkòkò. Á ge ẹ̀fọ́, á gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, bí omi bá hó, á padà sídìí rẹ̀. Bí asyncio ṣe ń ṣe nìyẹn. Òṣìṣẹ́ kan ni, iṣẹ́ pọ̀. Níbi tí a bá ti kọ await, ó lè yà sí iṣẹ́ mìíràn títí ohun tó ń retí á fi dé.

Fáìlì ló wá da ọ̀rọ̀ rú. Ohun tó bá ń bọ̀ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Linux lè ta ètò lólobó pé ó ti dé. Fáìlì orí dísìkì ò ní irú ìyẹn. Epoll tí asyncio ń lò lórí Linux kì í tilẹ̀ gbà á. Bí ẹ bá fi open() lásán ṣí i, ìyá olóúnjẹ ti dúró ti ìkòkò nìyẹn, oníbàárà á kàn máa wò ó ni. Aiofiles ló ń bá wa yanjú rẹ̀: ó ń gbé iṣẹ́ fáìlì fún ọmọọṣẹ́ kan lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní thread. Trio náà, tó jẹ́ ojúgbà asyncio, ọgbọ́n kan náà ló ń dá.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ wa ní, "Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́, kí lo tún ń wá?" Ohun tí mò ń wá ni ìdánwò tó lè féèlì. Mẹ́ta ni mo ṣe.

Èkíní, mo kọ orúkọ sí fáìlì, mo sì kà á padà. Inú fódà ìgbà díẹ̀ tí Python máa pa rẹ́ fúnra rẹ̀ ni mo ti ṣe é, n kì í gbé ìdánwò sún mọ́ fáìlì tí owó èèyàn wà. Orúkọ tí mo lò kì í ṣe John. Ṣọlá àti Bọ́lájí ni. Lójú wa, ọ́ jẹ́ lẹ́tà kan. Nínú UTF-8, báìtì 5 ni: 3 fún ọ, 2 fún àmì orí rẹ̀. Lórí Windows tó ń lo cp1252, John á kọjá láìsí wàhálà. Ṣọlá ò ní kọjá, àfi tí a bá kọ encoding="utf-8" sí i. John ò lè féèlì, ìyẹn ni kò fi wúlò fún mi.

Èkejì, ṣé àwọn yòókù ń rìn nígbà tí fáìlì ń falẹ̀? Fáìlì kékeré kì í falẹ̀, á ti parí kí o tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n Linux ní irú fáìlì kan tó ń jẹ́ FIFO. Bí o bá ṣí i láti kà, kò ní ṣí títí ẹlòmíràn á fi ṣí òdìkejì rẹ̀ láti kọ. Mo ní kí iṣẹ́ kan ṣí i láti kà, kí iṣẹ́ kejì ka 1 dé 10, kó tó lọ ṣí òdìkejì. Pẹ̀lú aiofiles, ó kọjá. Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ fi open() lásán rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ètò náà dúró gbagidi! Ẹni tó yẹ kó lọ ṣílẹ̀kùn ni ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń kanlẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni mo gba ìdánwò náà gbọ́.

Ẹ̀kẹta, owó. Mo ní kí iṣẹ́ 100 jọ fi ₦200 kún fáìlì kan ṣoṣo. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦20,000. Pẹ̀lú asyncio.Lock, tó ń jẹ́ kí wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦20,000 géérégé ló jáde. Mo yọ Lock náà kí n lè rí i. Owó ò pé mọ́, nítorí ẹni méjì ti ka iye kan náà kí wọ́n tó fi tiwọn kún un. Nígbà mìíràn, ètò náà tilẹ̀ bá fáìlì náà lófìfo, torí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ún kó lè kọ tuntun. Bí èyí bá jẹ́ owó ìyá aláta, ta ni wọ́n máa mú?

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè sọ fún mi. Bí mo bá kọ nǹkan sí fáìlì tí mo kà á padà lójú ẹsẹ̀, inú mẹ́mórì ni kọ̀ǹpútà ti lè mú un fún mi. Ó lè máà tíì dé orí dísìkì. Mo ti fi os.fsync sí i, èyí tó ń ní kí wọ́n tì í dé ibẹ̀, àmọ́ kíkà padà ò lè fi hàn bóyá ó dé tí iná bá lọ, tí bátìrì náà sì kú.

Nítorí náà, nígbà tí màmá mi bi mí pé, "Ṣé kí n wá sọ ìwé mi nù ni?" mo ní, "Rárá o, mà. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ máa lọ ná." Ní alaalẹ́, wọn á ka ti inú ìwé, èmi á ka ti inú fáìlì. Títí di ìsinsìnyí, wọ́n bára mu. Mo sọ fún wọn pé a máa ṣe é fún oṣù méjì gbáko kí a tó sọ̀rọ̀ míì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò ní láàbù wa, nígbà tí ìdánwò yín bá kọjá, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ ba ètò náà jẹ́ díẹ̀, kí ẹ tún un dán wò. Tó bá tún kọjá, ìdánwò yẹn ni kí ẹ lọ tún kọ.