Rédíò Gbaka Tó Kọ Ohùn Bàbá

Kì í ṣe gbogbo rédíò ọkọ̀ tó bá yadi ló ti bàjẹ́. Awakọ̀ kan ní Abobo, ọmọ bíbí Èjìgbò, kò tètè mọ èyí. Díẹ̀ ló kù kí ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ́wọ́ rẹ̀ ṣègbé.

Gbaka ló ń wà, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó èrò láti Abobo lọ sí Adjamé ní ìlú Abidjan, níbi tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti pọ̀ bí omi. Ní 1996, bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì nílé, ó kì í, ó wúre fún un, ó sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ ní Abidjan. Bàbá ti papò dà báyìí. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ń gbó lọ, ọmọ fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀, ó kó o pọ̀ mọ́ orin Hàrúnà Ìṣọ̀lá sínú fláàṣì 64GB, ó sì ju kásẹ́ẹ̀tì nù. Ìwà àìronú gbáà ni, nítorí kò pẹ́ tí fóònù náà fi sọnù.

Ó ki fláàṣì bọ rédíò, rédíò ní òun kò rí nǹkan kan. Ó yọ ọ́, ó nù ún, ó tún un kì bọ̀ ọ́, pàbó ló já sí. Atúnrédíòṣe kan ní kò le rárá, kí òun kàn fọ́máàtì fláàṣì náà lórí kọ̀ǹpútà ni. Ó ti na ìka kí ọmọ àbúrò awakọ̀ tó figbe ta:

“Bàbá, ẹ ní kó dúró! Bó bá fọ́máàtì ẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò parẹ́.”

Ọmọ náà ló wá ṣàlàyé. Ètò ìkówèésí tí ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ mọ̀ ni FAT32, tí Microsoft gbé jáde ní 1996. Ṣùgbọ́n exFAT, tó dé ní 2006, ni wọ́n sábà máa ń lò fún fláàṣì tó bá tó 64GB. Kọ̀ǹpútà ń kà á, rédíò kò mọ̀ ọ́n kà. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì dà á sínú fláàṣì 8GB tó jẹ́ FAT32.

Orin bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ohùn bàbá nìkan ni kò jáde. Ara awakọ̀ bù máṣọ. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kò lè sọ̀rọ̀.

Àṣé m4a ni fóònù fi ohùn náà pamọ́ sí, MP3, tí àwọn onímọ̀ Fraunhofer ní Jámánì sọ lórúkọ ní 1995, sì ni rédíò náà mọ̀. Ọmọ náà yí i padà sí MP3, kò gbà á ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń sọ̀ lọ sí Adjamé, ọmọ ọkọ̀ fi èdè Faransé béèrè pé olórin wo nìyẹn. Awakọ̀ kò fèsì. Ó kàn yí ohùn rédíò sókè ni.