Kí A Tó Dá Jíà Lẹ́bi

Afárá Third Mainland máa ń bá ọkọ̀ àgbà bo àṣírí. Kìlómítà 11.8 ni, bí ojú ọ̀nà bá dá, ẹsẹ̀ awakọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kan bíréèkì. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ sọ̀ ní Adéníjì, kó gba Ìdúmọ̀tà lọ sí Tinúbú, ọ̀rọ̀ á yí padà. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ibẹ̀ kò fún bíréèkì nísinmi, ọ́ìlì jíà náà á sì máa gbóná sí i. Àìsàn tó bá fara pamọ́ sára ọkọ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹ́wọ́.

Ibẹ̀ ni tèmi náà ti jẹ́wọ́. Tòkunbọ̀ tó ti gbó ni, jíà rẹ̀ kò ní klọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Mo tẹ iná, ọkọ̀ ń wọ́ra nílẹ̀. Mo yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà orísun omi Tinúbú tí àwọn ará Lẹ́bánónì fi ta Nàìjíríà lọ́rẹ nígbà òmìnira lọ́dún 1960. Kí n tó bọ́ sílẹ̀, ìdájọ́ ti wáyé: "Alàgbà, jíà ti lọ o!" Ẹnì kan tilẹ̀ ti ń bá mi ṣírò iye tí jíà tòkunbọ̀ yóò jẹ́ ní ọjà Ládípọ̀.

Mẹkáníìkì tí mo pè láti Ìsàlẹ̀ Èkó kò bá wọn jiyàn. Ó ní, "Ọ̀gá mi, tí ẹ bá tẹ iná, ṣé ẹ́ńjìnì ń sáré tí ọkọ̀ ò sì lọ, àbí ẹ́ńjìnì gan-an ló ń tiraka?" Mo ní ó ń tiraka ni. Ó mirí. Jíà tó bá ti ń yọ̀, ẹ́ńjìnì ló máa ń sáré lásán. Ó fa géèjì jíà yọ, ó nù ún sára àkísà funfun: ọ́ìlì pupa ni, kò dúdú, kò sì rùn bí ohun tó jóná.

Lẹ́yìn náà ló na àtẹ́lẹwọ́ sí táyà kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Ooru ọ̀tún iwájú nìkan ló lé ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ó fi jáàkì gbé iwájú, ó já jíà sí N. Táyà náà kò yí. Ó dẹ nọ́ọ̀tì kékeré ẹ̀yìn kálípà, ọ́ìlì bíréèkì tú jáde fìì, táyà sì yí. Ká ní kò yí ni, a jẹ́ pé inú kálípà ló dípẹtà. Ká ní máásítà bíréèkì ló bàjẹ́, ooru náà kò ní mọ sí táyà kan ṣoṣo. Rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbẹ̀ ló ti wú nínú: ẹsẹ̀ ń ti ọ́ìlì kọjá, ṣùgbọ́n ọ́ìlì kò rọ́nà padà.

Ewu ló wà níbẹ̀, nítorí bíréèkì tó bá há báyẹn ń mú ọ́ìlì rẹ̀ gbóná. Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DOT 3, bó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C. Èyí tó ti fa omi lè hó ní 140°C. Bó bá hó, bíréèkì á kàn rì mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń tu owó jọ de jíà, tó sì ń wa ọkọ̀ náà lọ báyẹn, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Láyé ìjọba amúnisìn, ilé ẹjọ́ wà ní Tinúbú yìí kí wọ́n tó wó o. Òwe wa sì dàgbà ju ilé ẹjọ́ náà lọ: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwa onímọ́tò Èkó ń fi tayọ̀tayọ̀ sanwó fún ẹni tó bá tú ọkọ̀ palẹ̀, a sì ń dúnàádúrà owó àyẹ̀wò bí ẹni ń ná ata. Mẹkáníìkì tó bá bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kó tó mú sípánà, ẹ sanwó rẹ̀ pé, kí ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀.