Ìmúra Ilé Wa fún Ihò Ẹfun Chislehurst

Bí àpọ́n bá fẹ́ rìn, kò sí ohun tí ó ń dá a dúró ju okùn bàtà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní aya, ọmọ méjì, àti ìyá tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nínú ilé, ìrìn wákàtí mẹ́rin a máa gba ìgbìmọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí nígbà tí mo dá a lábàá nínú ilé wa ní Peckham, ní ìhà gúúsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù, pé kí gbogbo wa fi ọjọ́ Sátidé kan lọ wo àwọn ihò ilẹ̀ tí ń bẹ ní Chislehurst kí ìyá mi tó padà sí Abẹ́òkúta. Oṣù mẹ́fà ni a yọ̀ǹda fún un láti gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ti lo márùn-ún nínú rẹ̀ láàárín ilé ìdáná, ilé ìsìn, àti ọjà Rye Lane. Àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n ní ẹni tí ń ro àmàlà, tí ó sì ń gbàdúrà ní òru. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì bá a rìn dé ibì kan tí ó ṣe àjèjì sí òun àti sí àwọn pẹ̀lú. Ọjọ́ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá, kí ó má baà jẹ́ pé òórùn ọbẹ̀ nìkan ni wọn yóò fi máa rántí rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ibẹ̀ fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni Chislehurst wà. Ọkọ̀ ojú irin tí ó gba London Bridge kọjá a máa dúró níbẹ̀, ẹnu ihò náà kò sì jìnnà sí ibùdó ọkọ̀. Máìlì 22 ni wọ́n ń ka gígùn àwọn ọ̀nà inú rẹ̀. Kì í ṣe omi ni ó gbẹ́ ẹ, kì í sì í ṣe bí a ti dá ilẹ̀ ni ó ti wà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni, pẹ̀lú dígà àti àtùpà, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, títí di nǹkan bí ọdún 1830 sí i. Ẹfun ni wọ́n ń wà, tí wọ́n ń sun nínú iná láti fi ṣe ohun ìmọlé, àti òkúta dúdú líle kan tí ó máa ń wà nínú ẹfun, èyí tí iná ń ṣẹ́ lára rẹ̀ bí irin bá gbá a. Òkúta irú èyí ni wọ́n ń fi sí ìdí ìbọn láyé àtijọ́. Ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá ti gbọ́ ìtàn ogun nílé kò ní ṣàì mọ irú ìbọn tí mo ń wí.

Ní ọdún 1903, ọ̀gbẹ́ni kan tí à ń pè ní William Nichols, tí ó jẹ́ aṣáájú nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ń wádìí nǹkan àtijọ́, sọ pé àwọn àlùfáà ìbọ̀rìṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì ni ó gbẹ́ apá kan, àwọn ará Róòmù gbẹ́ òmíràn, àwọn Saxon sì gbẹ́ ẹ̀kẹta. Orúkọ tí ó fún àwọn apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni wọ́n ń jẹ́ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ti já a ní koro láti ìgbà náà wá. Èmi kò bá a jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ènìyàn wá wo ilẹ̀ òun yóò fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ àlùfáà ju kí ó sọ̀rọ̀ awakùsà lọ.

Lẹ́yìn tí awakùsà lọ, onírúurú ni ó wọ inú rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ohun ìjà Woolwich pamọ́ sí. Láàárín ogun méjèèjì, wọ́n gbin olú sínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn olórin bíi Jimi Hendrix, Rolling Stones àti David Bowie lọ kọrin níbẹ̀; ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ aya mi, ṣùgbọ́n kò mú ìyá mi lọ́kàn. Ti olú ni ó béèrè sí, ó sì bínú díẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ pé wọn kò gbìn ín níbẹ̀ mọ́.

Aya mi ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ó ní, “Baba àwọn ọmọ, èló ni ìwé ìwọlé? Báwo ni ibẹ̀ ti tutù tó? Ibo ni Màmá yóò ti sinmi bí orúnkún bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n?” Èkínní nìkan ni mo lè dáhùn. Láti ìgbà náà ni ìṣàkóso ìrìn-àjò ti bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, mo sì di ìránṣẹ́. Òun ni ó wádìí pé ìwọ̀n òtútù inú ihò náà kò yí padà, ìbáà ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tàbí ìgbà yìnyín: ìwọ̀n 10 ti Celsius ni, nígbà gbogbo. Òun ni ó wádìí pé ẹ̀gbẹ́ òkè ni ẹnu ọ̀nà wà, a ń fi ẹsẹ̀ rìn wọlé ni, a kì í fi àkàsọ̀ sọ̀kalẹ̀. Àti pé bí wákàtí kan ni afinimọ̀nà fi ń mú àlejò yíká pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́, nítorí kò sí iná mànàmáná ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìdáná.

Ọ̀rọ̀ àtùpà yìí ni ó dá wàhálà kejì sílẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún méje, kì í sùn bí iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò bá tàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlá tí àánú rẹ̀ kò sì pọ̀, ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ iléèwé rẹ̀ kan pé afinimọ̀nà a máa gbé àtùpà kúrò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí àlejò lè mọ ohun tí òkùnkùn jẹ́. Kò fi èyí pamọ́ fún àbúrò rẹ̀. Ọmọ náà tọ̀ mí wá, ó ní, “Dádì, ṣé wọ́n máa ń gbé e padà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Nígbà gbogbo?” Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni èmi àti rẹ̀ ti ń wọ inú yàrá kékeré abẹ́ àtẹ̀gùn, tí a ń ti ilẹ̀kùn, tí a sì ń ka iye. Alẹ́ kìíní, a ka mẹ́rin. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, a ti ń ka ọgbọ̀n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń kánjú kà á.

Ti ìyá mi ni ó le jù. Kò bínú, kò sì jiyàn. Ó kàn fi aṣọ tí ó ń ká lélẹ̀, ó sì wí pé, “Ọmọ mi, èmi kì í wọ ilẹ̀ lọ ṣeré. Mo mọ ẹni tí ó wọ ọ́ tí kò jáde.” Kò tíì pé ọdún méjì tí a sin baba mi, òun sì ni ó dúró létí kòtò náà títí wọ́n fi kún un tán. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo dákẹ́. Aya mi pẹ̀lú dákẹ́, kò sì já ìwé ara ògiri. Ó kàn fi páálí kàlẹ́ńdà bò ó.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni ó yí i padà. Iṣẹ́ iléèwé ni ọmọbìnrin mi ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nípa ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó sì ń fi Yorùbá tí ó ní tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń tì í lẹ́yìn ka ohun tí ó kọ fún ìyá àgbà rẹ̀. Ó sọ bí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ju àdó olóró sórí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án 1940, tí àwọn ará ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sínú ihò Chislehurst ní alaalẹ́. Ìyá mi béèrè pé, “Àwọn ìyá ọmọ ńkọ́?” Ọmọ náà ní àwọn náà lọ. Iye ènìyàn tí ń sùn níbẹ̀ tó 15,000 nígbà tí ó pọ̀ jù. Wọ́n tan iná síbẹ̀, wọ́n to ibùsùn, wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ilé ìwòsàn, wọ́n sì ní ilé ìsìn. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan síbẹ̀, wọ́n sì fa orúkọ rẹ̀ yọ láti inú orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ihò. Èyí mú kí ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àwọn náà mọ̀ pé a ń wo ilé kí a tó sọmọ lórúkọ.”

Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Olúmọ. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé abẹ́ àpáta náà ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ní 1830; iléèwé fi èyí kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ìyá mi sọ ní alẹ́ yìí kò sí nínú ìwé kankan. Láti ẹnu ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ: pé obìnrin kan nínú ìran wa jókòó sí abẹ́ òkúta náà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, tí ó ń lọ ata lórí ilẹ̀ àpáta nítorí kò rí ọlọ kó nígbà tí ogun dé, tí ó sì ń fi ọmú dí ọmọ náà lẹ́nu kí ẹkún rẹ̀ má baà jáde síta. Ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan wà lára àpáta náà títí di òní, ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yóò rí i. Ọmọ mi ọkùnrin béèrè pé, “Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́, ìyá àgbà?” Ó ní, “Bí ọmọ náà bá kú, ta ni ì bá bí mi?” Ọmọ náà dákẹ́, ó ń ronú. Mo rí i pé ó ń ṣírò ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá mi yí sí mi. “Ṣé bí ti Olúmọ ni a ó ṣe wọ ibẹ̀? Ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn wọlé?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni ẹnu ọ̀nà wà.” Ó ní, “Ìwọ ni o wí pé ilẹ̀ ni a fẹ́ wọ̀.”

Kò tíì sọ pé òun yóò lọ, ṣùgbọ́n ó ti ń fi àdéhùn lélẹ̀. A kò gbọdọ̀ pẹ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí orúnkún bá kọ̀, òun àti aya mi yóò jókòó ní ilé oúnjẹ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí àwa yòókù máa lọ. Òun kò ní jẹ oúnjẹ wọn. Mọ́ínmọ́ín ni a ó dì, mọ́kànlá sì ni, nítorí afinimọ̀nà náà lè má tíì jẹun. Aya mi ti yọ ìwé rẹ̀ lábẹ́ kàlẹ́ńdà, ó sì ti fi ẹ̀wù òtútù àti igi ìtilẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n ó ṣì wí fún mi ní ìkọ̀kọ̀ pé òun yóò gbà á gbọ́ nígbà tí òun bá rí Màmá nínú ọkọ̀.

Sátidé tí ń bọ̀ ni a dá. Ohun kan ṣoṣo tí a kò tíì parí ni ti àtùpà. Ọmọ mi ọkùnrin ní òun ni yóò gbé e, nítorí òun ti lè ka ọgbọ̀n nínú òkùnkùn; ìyá mi ní ọwọ́ òun ni yóò wà, kí ọmọ náà di etí ìró òun mú. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, mo ń gbọ́ ohùn wọn láti ilé ìdáná.