Ká Tẹríba, Ká sì Lajú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa lóde òní: "Dádì ti sọ̀rọ̀." Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bí wọ́n ṣe náwó ìjọ, wọ́n á ní kó má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró. Mo gbà tọkàntọkàn pé ó yẹ kí Kristẹni tẹríba fún àwọn tó ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀. Hébérù 13:17 pa á láṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ yìí kan náà ló ní àwọn olórí wọ̀nyí yóò jíhìn.

Sáàmù 105, níbi tí ọ̀rọ̀ ẹni àmì òróró yẹn ti wá, tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani ńkọ́? Àwọn ọba ni Ọlọ́run ń bá wí níbẹ̀, pé kí wọ́n má ṣe àwọn baba ńlá Ísírẹ́lì níbi nígbà tí wọ́n ń ṣe àtìpó kiri. Kò ka ìbéèrè léèwọ̀. Ẹni àmì òróró ni Dáfídì, síbẹ̀ Nátánì wò ó lójú, ó sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un lórí ọ̀ràn Ùráyà, Dáfídì sì ronú pìwà dà. Ní Áńtíókù, Pọ́ọ̀lù ta ko Pétérù lójú gbogbo ènìyàn.

Ẹ wo Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, lọ́dún 1930, èrò ń wọ́ tọ̀ ọ́ láti ìlú dé ìlú. Síbẹ̀, nínú ìjọ Christ Apostolic Church (CAC), Isaac Akínyẹlé ni Ààrẹ. Iṣẹ́ ajíhìnrere ni Babalọlá ń ṣe títí ó fi sùn nínú Olúwa lọ́dún 1959. Ẹni tí agbára Ọlọ́run hàn lára rẹ̀ tó báyẹn, tó sì gbà kí ẹlòmíràn ṣolórí òun, kò ṣòro láti tẹríba fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ní ìjọ tí mo dàgbà sí, bàbá alàgbà kan máa ń ṣí fìlà, á kúnlẹ̀, kí pásítọ̀ tó kéré sí àbíkẹ́yìn rẹ̀ lè gbọ́wọ́ lé e lórí. Nígbà tí pásítọ̀ yìí fẹ́ ná owó ilé ìjọsìn láìjẹ́ kí ìgbìmọ̀ mọ̀, bàbá yìí kan náà ló lọ bá a nínú fẹ́sìrì. Mo ń to ìwé orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá ò pariwo. "Ẹ má bínú, ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Owó àwọn opó wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e síwájú ìgbìmọ̀." Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó tún kúnlẹ̀ gba àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtẹríba tí mo mọ̀ nìyẹn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ bọ̀wọ̀ fún olùṣọ́-àgùntàn yín, ẹ gba ìbáwí rẹ̀, ẹ ràn án lọ́wọ́, ẹ sì máa yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò nínú Bíbélì. Èyí tí inú bá ń bí nítorí ìbéèrè, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì tún béèrè.