Bí A Ṣe Ń Túfọ̀

Àwọn olóòtú ìwé ìròyìn yìí ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ lórí iṣẹ́ tí mo ń kọ́ yín, ìyẹn ìbánisọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí mo mọ̀ dáadáa ni ẹ ń retí. Ẹ forí jì mí, ibi tí mo ti kùnà ni n ó kọ.

Ní ọdún tó kọjá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ìyá Ìdúmàgbò jáde láyé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, tí ariwo ọjà fi ń jí wa láràárọ̀. Àwọn náà ló wẹ ọmọ mi obìnrin nígbà tí mo bí i. Ọmọ yìí ti wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì kan tó jìnnà sí Èkó, ó sì ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́ nígbà náà. Mo pinnu pé n kò ní í sọ fún un títí yóò fi kọ ìwé tó kẹ́yìn ní Ọjọ́rú. Mo pe àwọn ẹbí, mo kìlọ̀ fún wọn. A sin Ìyá kí ìrun Àsàrì tó pé, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹ̀sìn wa.

Nígbà tí ó di alẹ́, ọmọ pè mí.

"Mọ́mì, ẹ kú alẹ́. Ìyá Ìdúmàgbò ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ti sùn."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Mọ́mì, mo ti rí i. Fọ́tò wọn wà lórí WhatsApp. Wọ́n fi àbẹ́là sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́." Kí n tó rí ohun tí n ó sọ, ó ní, "Ó dáa, mà. Ẹ jẹ́ n lọ kàwé." Ó pa fóònù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹbí wa ló gbé fọ́tò náà sí status rẹ̀. Mo gbàgbé láti pe òun. N kò bá a wí, nítorí ẹkún tirẹ̀ ló ń sun, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń sun ún. Gbólóhùn mi ni kò jẹ́ kí n sùn. "Wọ́n ti sùn." Èmi tí mo ń kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ àdàpè! Ẹ rántí pé mo ti kọ́ yín pé a kì í sọ pé ọba kú, ọba wàjà ni. Àgbà papò dà, tàbí kí á ní ó fi ilẹ̀ bora. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, a ó ní òfò ṣẹ̀. Mo tún máa ń sọ fún yín pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, odidi ti wà lọ́wọ́ ọmọ mi kí n tó fún un ní àbọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo pè ní àdàpè ti di irọ́.

Mo gbìyànjú láti gba ara mi sílẹ̀. Mo ní ṣebí àwọn baba wa náà máa ń fi ikú pamọ́ fún ọmọ. Òótọ́ ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìdúmàgbò, bàbá kan kú ní agboolé wa, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé, "Ara bàbá rẹ kò yá, máa bọ̀." Ó dé. Ẹnì kan gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan bu omi fún un. Wọ́n ní kó jókòó, kó jẹun. Àwọn àgbà mẹ́ta ti jókòó tì í kí èyí tó dàgbà jù nínú wọn tó la ẹnu. Nígbà tí ó ké, ọwọ́ mẹ́fà ló dì í mú.

Bí mo ṣe rántí ọ̀rọ̀ yìí ni ojú tì mí. Irọ́ tí wọ́n pa fún ọkùnrin náà, ọ̀nà ni. Ó mú un wá sílé, síbi tí èèyàn wà. Irọ́ tèmi kò lọ síbì kankan. Mo fi ọmọ mi sílẹ̀ nínú yàrá ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òun nìkan, pẹ̀lú fóònù. Bí mo bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, kì í ṣe ìdánwò rẹ̀ nìkan ni mo ń rò. Mo ń sá fún ohùn ẹkún rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ ó rántí àwòrán tí mo máa ń yà sójú pátákó: olùfiránṣẹ́, iṣẹ́ tí a rán, ọ̀nà, olùgbà, àti ariwo tó lè dí i lọ́wọ́. Claude Shannon, ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1948. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló ń bá ṣiṣẹ́. Ohun tó ká a lára ni bí iṣẹ́ ṣe máa dé láìdínkù. Bí a bá fi ojú yẹn wò ó, kò sí ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́ náà: iṣẹ́ jáde, olùgbà rí i, kò sí ariwo. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì túfọ̀ fún ọmọ mi.

Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Ní 25 oṣù kẹrin ọdún 2009, Èyọ̀ jáde fún Olóyè T.O.S. Benson, ẹni tó jẹ́ mínísítà àkọ́kọ́ fún ètò ìròyìn ní Nàìjíríà. Ọdún 2008 ni wọ́n ti kú. Rédíò ti sọ ọ́, ìwé ìròyìn ti gbé e. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́. Síbẹ̀, Èkó tún fara balẹ̀ sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, Adímú yóò kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú àkẹtẹ̀ dúdú àti ọ̀pá. Ẹni tó bá rí i ti mọ̀ pé Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀, Lábà, Oníkò, Ológèdè àti Agẹ̀rẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé ara wọn, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ àkẹtẹ̀ tirẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Èyọ̀ tí ìtàn kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, ti ogúnjọ́ oṣù kejì ọdún 1854: Ọba Akítóyè ni wọ́n ṣe é fún, ọdún 1853 sì ni ọba ti wàjà.

Ilé Ìyá Ìdúmàgbò la wà lọ́jọ́ náà. Mo ti tú gèlè mi, gbogbo wa ti bọ́ bàtà, nítorí Èyọ̀ kò gba méjèèjì. Ọmọ mi kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ó ń wo aṣọ funfun tó kún títì láti ojú fèrèsé, ó bi Ìyá pé, "Ta ló kú?" Wọ́n sọ fún un. Ó ní, "Ìgbà wo?" Wọ́n ní láti ọdún tó kọjá ni. Ó ní, "Kí ló dé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́?" Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Wọ́n ti sọ ọ́ fún etí. Ara ni wọ́n wá sọ ọ́ fún."

Ọmọ mi parí ìdánwò ní Ọjọ́rú, ó dé Ìdúmàgbò ní Ọjọ́bọ̀, nítorí fídáù ọjọ́ kẹjọ. Èmi ni mo lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo gba báàgì rẹ̀. Ó kí mi, ojú rẹ̀ gbẹ. Àwọn ìyá àgbà jókòó sórí ẹní nínú yàrá, ó kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní, "Ẹ kú àráfẹ́rakù." Èyí tó dàgbà jù nínú wọn fà á mọ́ra, ó kì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé kò gbọ́ rárá: bí Ìyá ṣe jí, bí wọ́n ṣe ṣe àlùwàlá, bí wọ́n ṣe béèrè omi, ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ó wá ní, "Ìyá rẹ ti lọ, ọmọ mi." Ìgbà náà ni ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún.

Ó ti mọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́ fún un.

Mo bẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kó má bínú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ohun tí mo lè bẹ̀ yín náà kò pọ̀. Kí ẹ tó gbé fọ́tò òkú sójú ayé, ẹ fi ìka yín ka àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti ń tọ́mọ, bí ẹ bá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ dìde lọ sọ ọ́. Ẹyin lohùn, ó yẹ kí ọwọ́ wà nísàlẹ̀ kí a tó jù ú sílẹ̀.

Nígbà tí ọmọ mi ń padà sílé ìwé, ó dúró lẹ́nu ọkọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, bí nǹkan bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má pè mí o. Ẹ wá."

Mo ní n ó wá.