Ta Ló Gbẹ́ Ẹ?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ìwé ló jẹ́ kí n mọ ohun tó yẹ kí n wò ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Fadá Kevin Carroll ló kọ ìwé náà, Yoruba Religious Carving, ní 1967. Ibẹ̀ ni mo ti kà nípa ibi iṣẹ́ ọnà tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ wa yìí ní 1947. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, ń gbẹ́gi níbẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mùsùlùmí ni Lámídì o, ó sì ń gbẹ́ ère fún ṣọ́ọ̀ṣì!

Mo wá dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan. Mo rí ère Ẹpa àti ìlẹ̀kùn ààfin. Ohun tí wọ́n kọ sídìí wọn ò ju "Yorùbá, igi" lọ. Ṣé igi ló gbẹ́ ara rẹ̀ ni? Ẹni tó gbẹ́ ẹ lórúkọ, ó ní oríkì, ó sì bímọ. Bándélé rí ẹni kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn yòókù ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ Ìkọ̀lé, Ìdó àti Ọ̀yẹ́, bí ẹ bá délé ní họlidé, ẹ bi bàbá àgbà pé ta ló gbẹ́ òpó ààfin yín. Ẹ mú bírò dání. Ère lójú, ó lẹ́nu, kò lè pe orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ.